Ọgbọ́n-Ò-Tán, Ọkọ Ìyá Oníbúrẹ́dì

Títí di òní, tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Ọgbọ́n-Ò-Tán ládùúgbò, kí wọ́n tó ráyè sọ pé "Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ ẹ," ẹnìkan á ti máa rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ àga ló rántí. Àga tó ju àna.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìyá Oníbúrẹ́dì, ìyàwó Ọgbọ́n-Ò-Tán, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé ni. Òtútù àyà ló dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, nígbà tí àìsàn náà sì lọ, ó jọ pé ó kó agbára ẹsẹ̀ ìyá náà dání lọ. Tó bá ti jókòó, ó di kí ẹni méjì fà á kó tó lè dìde. Ọgbọ́n-Ò-Tán, tí iṣẹ́ wẹ́dà jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, wo ọ̀rọ̀ náà títí, ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Nígbà tó máa jáde, àga ló gbé dání. Ó ti fi sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù sábẹ́ ìjókòó rẹ̀, ó fi irin há a mọ́lẹ̀, ó sì so okùn mọ́ irin náà. Ó ní kí ẹni tó jókòó ṣáà ti fa okùn ni, àga á rọra gbé e dìde bí ìyá ṣe ń gbé ọmọ rẹ̀.

Inú "rọra" yẹn gan-an ni wàhálà wà.

Kí ìyàwó rẹ̀ tó dán àga wò, àna wọn wọlé. Bàbá ìyàwó ọmọ wọn ọkùnrin ni, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, sànmọ̀rí ènìyàn, tó jẹ́ pé tó bá fẹ́ húkọ́, á kọ́kọ́ tọrọ àyè. Ó wá kí aláìsàn. Ó rí àga tuntun, ó jókòó. Ó béèrè àlàáfíà ara, Ìyá Oníbúrẹ́dì dúpẹ́ lórí ibùsùn. Ó wá ń wo ibi tó máa gbé agboòrùn rẹ̀ sí. Ó rí okùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ó rò pé ohun tí wọ́n ń fi agboòrùn kọ́ ni, ó sì fi tirẹ̀ kọ́ ọ.

Gbàgà! Àna gbéra nílẹ̀. Ó fò kọjá lórí àpótí, ó fò kọjá lórí ife omi tí wọ́n gbé fún un, ó gba kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà lọ, ó sì lọ balẹ̀ sórí àpò fúláwà tí wọ́n tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ọgbọ́n-Ò-Tán sáré dé pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀ láti ìdí àga títí dé orí fúláwà.

"Ó mà lágbára ju bí mo ṣe rò lọ o! Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kúrò níbẹ̀ yẹn."

Àna nu fúláwà kúrò lójú, ó gbé fìlà rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó dé e padà.

"Àna mi," ó ní, "tí ẹ ò bá fẹ́ àlejò, ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Wọn kì í fi àga sọ ọ́."

Ọgbọ́n-Ò-Tán kì í ṣe orúkọ tí òbí sọ ọ́. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló fún un ní orúkọ náà. Tí ohun tó ṣe bá ti bàjẹ́, á dúró, á káwọ́ mọ́ àyà, á máa wo nǹkan náà bí ẹni wo ọmọ tó dójú ti òun láàárín àwùjọ. Lẹ́yìn náà, á ní, "Kò burú. Ọgbọ́n ò tán." Kò ṣe àṣìṣe rí láyé rẹ̀, àwọn tó ń lo nǹkan ọ̀hún ló máa ń ṣe é. Ó ṣe géètì kan fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Télọ̀ tó ń gbé ní òdìkejì títì. Géètì náà ti onílé mọ́ta. Ọgbọ́n-Ò-Tán ní ara àjèjì ni géètì rí, pé kò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ṣe tábìlì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ fún Télọ̀ kan náà. Tábìlì ká ara rẹ̀ kò pẹ̀lú ṣòkòtò oníbàárà nínú. Ó ní, "Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ṣé ìwọ kì í sinmi?"

Bó ṣe fẹ́ ìyàwó gan-an nìyẹn. Nígbà tí Ìyá Oníbúrẹ́dì ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò búrẹ́dì, ó ní kí wẹ́dà ọ̀dọ́ kan bá òun ṣe ààrò onírin. Ààrò náà dára lójú, ó ń dán bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, àfi ilẹ̀kùn rẹ̀ tí kì í ṣí tí ẹnìkan bá dá a fà. Ẹnìkan á máa fà á, ẹnìkan á máa ta á nípàá nísàlẹ̀. Ọmọbìnrin náà bínú dé ṣọ́ọ̀bù.

"Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí," ni wẹ́dà wí.

"Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Má ṣèyọnu. Èmi á máa wá bá ẹ ta á nípàá láràárọ̀."

Ó ń ta á nípàá títí wọ́n fi bímọ mẹ́ta.

Ìdí nìyẹn tí àìsàn ìyàwó fi ká a lára tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó máa ń gbé àpò fúláwà bí ẹni gbé ìrọ̀rí, tó ń po ìyẹ̀fun títí iṣan apá rẹ̀ fi le koránkorán, ló wá jókòó lójú fèrèsé, tó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni wo àlejò tí kò mọ̀ rí. Èyí tó dun ìyá náà jù ni pé kó fẹ́ lọ ilé ìyàgbẹ́, kó sì kọ́kọ́ pariwo pe ènìyàn. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ lọ́kàn ara rẹ̀, ó máa ń rò ó pé kò sí òṣì tó burú tó kí ènìyàn máa tọrọ ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Àkọ́bí wọn obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ìṣírò owó ní ọ́fíìsì ńlá kan lọ́nà jíjìn, wá wò wọ́n. Ó wo ìyá rẹ̀ yí ká, ó wo àtẹ̀gùn tó lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí ààrò wà, ó mi orí.

"Màmá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ó ti tó àkókò ìjókòó. Ọ̀dọ̀ mi lẹ ń bọ̀. Ẹnìkan tó ń ta fóònù ti béèrè ilé ààrò, á rẹ́ǹtì í. Tí mo bá ti yanjú ìwé òpin ọdún ní ọ́fíìsì, màá mú ọkọ̀ wá gbé yín."

Ìyá Oníbúrẹ́dì kọjú sí fèrèsé. Àmọ́ Ọgbọ́n-Ò-Tán, tó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, gbọ́ "ìjókòó" yẹn, ọ̀rọ̀ náà sì ta á bí agbọ́n. Àtìgbà náà ni ọgbọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lórí rẹ̀ bí omi tó já.

Lẹ́yìn àga tó ju àna, ó so okùn kọ́ òkè àjà bíi ti kànga, ó so orí okùn kan mọ́ ìrọ̀rí tó wà lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, ó ní òun á máa fà á, ìyàwó á sì máa dìde jókòó fúnra rẹ̀. Ó fà á tagbáratagbára. Ìrọ̀rí dìde. Ìyàwó ò dìde.

Ó ṣe irin ìdìmú yí gbogbo yàrá ká, kí ìyàwó máa dì í mú rìn. Èyí dára, àfi pé ó kùn ún ní ọ̀dà àwọ̀ ewé kó lè wuyì lójú, kò sì dúró kó gbẹ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ní kí wọ́n padà wá fi ara hàn ní ọsibítù. Dókítà wo àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Oníbúrẹ́dì, ó lanu. Ó pe dókítà kejì. Èkejì pe ẹ̀kẹta. Wọ́n ti ń wá orúkọ àìsàn náà kí Ọgbọ́n-Ò-Tán tó dá wọn lóhùn pé, "Ẹ má da ara yín láàmú. Ọ̀dà ni. Kò tíì gbẹ ni."

Ọjọ́ yẹn kan náà ni dókítà darí wọn sí yàrá kan ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa kọ́ aláìsàn bí wọ́n á ṣe tún máa lo ara wọn. Físíò ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó kéré lójú, ohùn rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n kì í yẹ̀. Ọgbọ́n-Ò-Tán ti mú páálí ńlá kan dání, ó ti ya ẹ̀rọ tuntun sí i lára: ẹ̀rọ tó ní táyà mẹ́rin, tó máa gbé ìyàwó rẹ̀ dìde, tó sì máa bá a rìn lọ síbi tó bá wù ú.

Físíò wo àwòrán náà dáadáa, kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ mọ iṣẹ́ o."

Orí Ọgbọ́n-Ò-Tán wú.

"Àmọ́ ẹ dákun, nínú gbogbo èyí tẹ́ ẹ yà, ta ló ń ṣiṣẹ́?"

"Ẹ̀rọ ni."

"Màmá ńkọ́?"

"Màmá ń sinmi."

"Ẹ ò rí nǹkan? Ẹ̀rọ yín á máa lágbára sí i, Màmá á máa rọ̀ sí i."

Físíò jókòó ti Ìyá Oníbúrẹ́dì, ó gbé ọwọ́ lé itan rẹ̀.

"Màmá, iṣan ara dà bí òṣìṣẹ́ ni. Tí ọ̀gá ò bá pè é síṣẹ́, á kó ẹrù rẹ̀, á lọ. Àmọ́ tí ọ̀gá bá tún pè é, á padà wá, kódà kí orí ọ̀gá ti funfun báláú. Kì í di ọ̀gá rẹ̀ sínú."

"Ọmọ mi, ní ọjọ́ orí tèmi yìí?"

"Ní ọjọ́ orí yín yẹn náà. Kò ní dé lẹ́ẹ̀kan náà o. Á máa yọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń pè é déédéé, tẹ́ ẹ sì ń bọ́ ọ dáadáa. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà. Kì í ṣe tíì nìkan."

Ó wá kọ́ wọn. Kí Màmá jókòó sórí àga tó ga, kó káwọ́ mọ́ àyà, kó dìde láìdi nǹkan mú, kó sì rọra jókòó padà, kó má kàn já lulẹ̀. Tó bá ti rọrùn fún un, kí wọ́n wá àga tó kéré sí i. Tí ìyẹn náà bá rọrùn, kí wọ́n tún wá èyí tó relẹ̀ ju ìyẹn lọ. Kó máa di etí táńkì omi mú, kó máa gbé gìgísẹ̀ sókè. Kó máa rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tí àyà bá dùn ún tàbí tí òòyì bá kọ́ ọ, kó dúró, kí wọ́n sì wá sọ.

"Ẹ̀rọ wo ló máa ṣe gbogbo èyí?" ni Ọgbọ́n-Ò-Tán béèrè.

"Àga ilé ìdáná yín, Bàbá."

Wọ́n wọkọ̀ padà sílé. Lójú ọ̀nà, Ọgbọ́n-Ò-Tán ń sọ ọ́ sí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí wọ́n bú bàbá rẹ̀: "Àga ìdáná!"

Ọjọ́ àkọ́kọ́ kò dára. Wọ́n kó tìmùtìmù lé àga onírin ilé ìdáná kó lè ga, Ìyá Oníbúrẹ́dì káwọ́ mọ́ àyà, ó gbìyànjú. Itan rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì, òógùn ń bọ́. Ọkọ rẹ̀ dúró síwájú rẹ̀.

"Ẹ má gbá mi mú."

"Mi ò gbá ẹ mú."

"Ọwọ́ yín ti wà ní apá mi."

"Ọwọ́ yẹn kàn ń wòran ni."

Ó dìde díẹ̀, ó tún jókòó. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tó tún yá, ìyá náà nu ojú, ó ní, "Ẹ sún sẹ́yìn," ó sì tún gbìyànjú. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ṣe é. Lọ́jọ́ tó dìde tán pátápátá lórí àga gíga náà, òun àti ọkọ rẹ̀ dúró lójúkorojú bí ẹni tó fẹ́ jó, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kàn.

Ohun tó kàn ni àga tó kéré sí i. Ìyàwó ò fẹ́ gbọ́ rárá. Gbogbo ìgbà tí ọkọ bá gbé àpótí kan wá, á wo àpótí, á rí ilẹ̀, ẹ̀rù á bà á pé tí òun bá jókòó sí i, ó parí nìyẹn. Ọgbọ́n-Ò-Tán ò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n wẹ́dà ni. Lọ́sàn-án, nígbà tí ìyàwó bá sùn lọ, á gbé àga onírin náà, á yọ́ kẹ́lẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, á fi ayùn irin gé díẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, díẹ̀ bíi ìbú èékánná. Á fi ọ̀dà pa á, á dúró kó gbẹ lọ́tẹ̀ yìí, á sì gbé e padà.

Kò pẹ́ tí Ìyá Oníbúrẹ́dì fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé tìfuratìfura.

"Bàbá àwọn ọmọ, ṣé tábìlì yìí ò ga sí i báyìí?"

"Tábìlì kì í dàgbà."

Ìgbà tó yá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi àgbọ̀n jẹun.

"Mo ń kúrú. Ẹ wò mí dáadáa, mo ń tán lọ ni."

"Ọjọ́ orí ni. Bàbá tèmi náà kúrú kó tó di olóògbé."

"Bàbá yín tó ga ju òpó iná lọ?"

"O ò wá rí bó ṣe gbọ́dọ̀ ga tó kó tó kúrú!"

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Físíò. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní kó bá òun wọn gíga òun. Físíò ní kó fẹ̀yìn ti ògiri, ó wọ̀n ọ́n, kò kúrú rárá. Físíò wá wo Bàbá. Bàbá ń wo òkè àjà. Físíò fọwọ́ bo ẹnu, ó húkọ́.

"Màmá, kò sí nǹkan kan. Ẹ ṣáà máa bá a lọ bẹ́ẹ̀."

Ṣíbí ló tú àṣírí. Ìyá Oníbúrẹ́dì jókòó síbi oúnjẹ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ já bọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mú un, ojú rẹ̀ sì lọ sí ẹsẹ̀ àga. Lánàá ni ọkọ rẹ̀ gé e gbẹ̀yìn, kò sì ríbi kùn ún. Etí irin náà ń dán gbinrin.

"Bàbá àwọn ọmọ!"

Ọgbọ́n-Ò-Tán mọ ohùn yẹn. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí ìyàwó tó parí ìpè.

"Gígé lẹ ń gé àga mọ́ mi nídìí! Ẹ wá ń wò mí níran, tí mo ń kígbe fún gbogbo àdúgbò pé mò ń tán lọ!" Ó gbá ìpọnbẹ̀ mú, ó lé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó lé e kọjá àwọn àpò fúláwà, ó lé e sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn títí dé iwájú ààrò. Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti yíjú padà, tó sì na ọwọ́ sí i pé kó dúró ná.

Ìyá Oníbúrẹ́dì dúró. Ó wo ọ̀nà tó gbà wá. Ó wo ọwọ́ rẹ̀: ìpọnbẹ̀ wà nínú ọ̀kan, ìkejì wà ní ìbàdí.

"Bàbá àwọn ọmọ," ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "ta ló gbé mi dìde?"

Gbogbo ẹni tó mọ Ọgbọ́n-Ò-Tán ló lè búra pé á ní òun ni. Ọkùnrin tó bá ṣe ìkọ́ ilẹ̀kùn lásán, á sọ ọ́ fún ìran mẹ́rin. Ó wo ìyàwó rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀.

"Èmi kọ́," ó ní. "Ìwọ ni."

Ó wá jókòó sórí àpótí, ó ń nu ojú. Ó ní fúláwà ló kó sí òun lójú.

Àkọ́bí wọn mú ọkọ̀ dé bó ṣe ṣèlérí. Ó bá ìyá rẹ̀ níwájú ààrò, tó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ ìyẹ̀fun dé ìgbọ̀nwọ́, tí bàbá rẹ̀ sì ń ta ilẹ̀kùn ààrò nípàá. Kò gba ojú rẹ̀ gbọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kẹ́ ẹ má bàa ṣubú!"

"Ìwọ ni kó o jókòó. Ìwọ lo rìn jìnnà."

Àga gígé ló wà nítòsí, ọmọ sì jókòó sí i. Wọ́n sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ọmọ ń ṣàlàyé ìdí tí ìyá fi gbọ́dọ̀ máa bọ̀. Nígbà tó máa dìde láti kó ẹrù, ó ti ara rẹ̀ síwájú, kò gbéra. Ó fọwọ́ ti orúnkún, kò gbéra. Láti àárọ̀ dálẹ́ ló ń jókòó ní ọ́fíìsì, ẹsẹ̀ ọ̀hún ò mọ ohun tó ń bá a wí.

"Dádì, ẹ fún mi lọ́wọ́."

Ọgbọ́n-Ò-Tán wo ọmọ rẹ̀ tàánútàánú.

"Ìyá àwọn ọmọ, lọ sọ fún awakọ̀ kó ṣì dúró. Ẹni tá a fẹ́ gbé lọ ti yí padà."

Ẹni tó ń ta fóònù lọ wá ṣọ́ọ̀bù síbòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà sì tàn kálẹ̀. Àwọn àgbàlagbà ò béèrè búrẹ́dì nìkan mọ́ tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ Ìyá Oníbúrẹ́dì. Wọ́n ń béèrè ẹsẹ̀. Ọgbọ́n-Ò-Tán gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́, ó ri irin ìdìmú kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀ láti ìgun dé ìgun, Ìyá Oníbúrẹ́dì sì gán àpò kéékèèké tí wọ́n rọ yanrìn sí, fún àwọn tó bá ti lágbára tó láti gbé e. Wọ́n ń pàdé láàárọ̀. Físíò máa ń yà wá wò wọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì ń ṣe é ségesège, á kọ́kọ́ lé e lọ rí dókítà ná.

Télọ̀ ló kọ́kọ́ dé. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Télọ̀ ò lè ra ẹ̀pà láìdúnàádúrà.

"Ẹ dìde lẹ́ẹ̀mẹwàá," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Télọ̀, ọjà kọ́ nìyí."

"Ó dáa, mo fi ọ̀kan kún un. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ìkẹyìn."

"Ẹsẹ̀ yín lẹ ń bá dúnàádúrà, kì í ṣe èmi."

"Ẹsẹ̀ mi ti gbà tipẹ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò gbà."

Ọgbọ́n-Ò-Tán ní tirẹ̀ kì í ṣe ìkankan nínú rẹ̀. Ó máa ń rìn láàárín wọn bí ọ̀gá ṣọ́jà, ó ń tọ́ka sí àṣìṣe. Físíò ń wò ó. Lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ẹsẹ̀ kan dúró."

"Èmi? Èmi tí mo dá a sílẹ̀?"

Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó di Télọ̀ mú, Télọ̀ di irin mú.

"Ilẹ̀ ibí yìí ló dagun," ó ní. Ó sún lọ sí apá kejì, ó tún gbé ẹsẹ̀, ó tún fì. "Ibí náà dagun." Ó yí iwájú ṣọ́ọ̀bù ká, kò ríbi tó tẹ́jú. Níkẹyìn, ó ní ìjọba ló yẹ kó wá wo ilẹ̀ àdúgbò yìí. Ìyàwó rẹ̀ fà á lọ́wọ́, ó gbé e sáàárín àwọn yòókù, ó sì dúró tì í. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bá wọn ṣe é, tìkọ̀tìkọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà bí ẹni pé òun ló kọ́ gbogbo ayé.

Àna wọn náà tún wá kí wọn, nígbà tí inú rẹ̀ ti rọ̀. Wọ́n gbé àga fún un, ó ní rárá. Wọ́n gbé àpótí, ó ní rárá. Ó dúró ní gbogbo ìgbà tó fi bẹ̀ wọ́n wò, ó dúró jẹun, ó dúró mu omi. Físíò tó ń kọjá lọ rí i.

"Bàbá wo nìyí? Wọ́n mà ń gbìyànjú o! Ẹsẹ̀ wọn le dáadáa."

Inú àna dùn. Ó di ọmọ ẹgbẹ́ láti àárọ̀ ọjọ́ kejì. Àmọ́ títí di ìparí, ilé rẹ̀ ló ti ń gbé àga tirẹ̀ bọ̀.

Ọdún gorí ọdún. Ọgbọ́n-Ò-Tán dàgbà, ó dàgbà dáadáa, ó ń jó irin títí di ọ̀sẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ sọ pé ó ti rẹ òun. Ní ọsibítù, Ìyá Oníbúrẹ́dì ló ń gbé e dìde tó bá fẹ́ mu omi, ọwọ́ kan péré ló fi ń gbé e.

"Èmi ló yẹ kí n máa gbé ẹ," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Ẹ ti gbé mi."

"Nígbà wo?"

"Ẹ mu omi yín."

Ó mu ún. Ó wo ibùsùn tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, ibùsùn onírin tí wọ́n máa ń yí ọwọ́ rẹ̀ kí orí rẹ̀ tó gbé sókè. Ó wò ó títí. "Ẹni tó ṣe èyí ò ronú jinlẹ̀. Tí ara mi bá yá, màá bá wọn tún un ṣe."

Ara ò yá. Ó sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, kò jí. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé ìrọ̀rí rẹ̀, ó bá nọ́ọ̀tì irin mẹ́ta tó ti tú kúrò lára ibùsùn náà níbẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìyá Oníbúrẹ́dì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sin ọkọ rẹ̀ dé ibojì, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wálé. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni kò po ìyẹ̀fun. Ó ń gbọ́ bí àwọn tó wá kí i ṣe ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá nígbà tí wọ́n bá ń rántí ọkọ rẹ̀, tí wọ́n á tún dákẹ́ lójijì bí ẹni tó ṣe ohun tí kò yẹ. Á ní kí wọ́n máa bá a lọ. Ẹ̀rín yẹn ló ń gbà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbọ́ ohùn níta. Ó yọjú lójú fèrèsé. Télọ̀ ló dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù tó wà ní títì pa, pẹ̀lú àna àti àga rẹ̀, àti àwọn yòókù. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Wọ́n kàn dúró, wọn ò wo ojú ara wọn. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ti géètì onírin ṣọ́ọ̀bù náà títí ó fi ṣí.

Wọ́n tò síbi irin ìdìmú. Télọ̀ fọwọ́ ra á láti ìgun kan, ó dúró ní àárín, ó húkọ́.

"Mo ti ń wò ó tipẹ́ o. Mi ò kàn fẹ́ sọ ọ́ lójú rẹ̀ ni. Irin yìí wọ́."

Àna, tó ti kọ́ni ní ìṣírò rí, bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú kan wò ó. "Òótọ́ ni. Ó wọ́ gan-an."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn, Ìyá Oníbúrẹ́dì náà. Ó sún mọ́ ibi tí irin ti wọ́. Ọ̀dà ti bó kúrò níbẹ̀ pátápátá, ju ibòmíràn lọ, torí pé ibẹ̀ ni ọwọ́ gbogbo wọn máa ń bà lé, àwọn fúnra wọn ò sì mọ̀. Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ lé e. Oòrùn àárọ̀ ti mú kó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Màmá, ṣé ká pe wẹ́dà kan kó wá bá wa nà án?" ni ẹnìkan nínú wọn béèrè.

"Rárá."

"Ó mà wọ́ o."

"Mo mọ̀ pé ó wọ́." Ó nu ojú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, kò gbé ọwọ́ kejì kúrò lórí irin. "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yá, ẹ fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa, ká bẹ̀rẹ̀."